Iṣu Tí A Gé Tún Ń Ta

Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni oorun kò kùn lóru àná, nítorí owó ilé ìwé àwọn ọmọ ti dé tán, ọjà kò tà bí ó ti yẹ, òjò tí àwọn àgbẹ̀ wa ń retí sì ń ṣe ségesège. Ohun tí Olúwa gbé lé mi lọ́kàn ni pé kí a má ṣe so iṣẹ́ ọwọ́ wa rọ̀ títí di ìgbà tí ara yóò tù wá.

Ọmọ àgbẹ̀ Èkìtì ni mí. Bí iṣu tuntun bá tó wà, bàbá mi kì í tú gbogbo ebè. Wọn a fi ọwọ́ ra yẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí gbòǹgbò má baà já, wọn a fi ọ̀bẹ gé iṣu náà nísàlẹ̀ orí rẹ̀, wọn a sì da yẹ̀pẹ̀ padà bo orí náà, pẹ̀lú ìtàkùn rẹ̀ lórí ọ̀pá. Ohun tí ó ti ń kó jọ láti ìgbà àkọ́rọ̀ òjò ti lọ. Síbẹ̀ ewé rẹ̀ ṣì ń gba oòrùn, orí tí ọ̀bẹ kàn náà a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a bá wú u, ibẹ̀ ni a ti ń rí èbù tí a óò gbìn lọ́dún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fa ìtàkùn náà já nítorí pé iṣu ti kúrò lábẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tí yóò bá níbẹ̀ mọ́.

Ní ọdún tí ibi iṣẹ́ mi jẹ wá lówó oṣù, mo ń ránṣọ ní ìrọ̀lẹ́. Ìránṣọ yẹn ni ó ń bọ́ ilé mi lónìí. N kò sọ pé kí a má sunkún, nítorí òfò ń dun ni, n kò sì gbà pé Ọlọ́run ń bínú sí ẹni tí ó jókòó sunkún. Kí a ṣáà má fa ìtàkùn já. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 26, ìyàn mú ní ilẹ̀ náà, Ísáákì sì gbin irúgbìn, ó sì kórè ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Àwọn ará Fílístínì di kànga tí bàbá rẹ̀ ti gbẹ́, wọ́n bá a jà lórí òmíràn, ó ṣí lọ síwájú, ó sì ń gbẹ́ ẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Baba, a dúpẹ́ fún ọjọ́ dídùn, a sì dúpẹ́ fún ọjọ́ kíkan tí O kò fi wá sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó jí láàárọ̀ yìí tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, Olúwa, dì í lọ́wọ́ mú. Ìyá tí ó gbé ọjà tí ó rà láwìn lọ sí Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, jẹ́ kí ó rí oníbàárà kí oòrùn tó kàn án látàrí. Àgbẹ̀ Ìkọ̀lé, Òmùò àti Ìjerò, fún wọn ní òjò tí ó mọ níwọ̀n, má sì jẹ́ kí ẹran ọ̀sìn jẹ oko wọn. Ọmọ wa tí ó gboyè tí kò ríṣẹ́, fún un ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò máa ṣe kí ọjọ́ tí yóò ríṣẹ́ tó dé. Opó tí ń dá nìkan tọ́ ọmọ, Baba, nù ún lójú, kí O sì fún un lágbára iṣẹ́ òní.

Gbogbo ọwọ́ tí ń di kànga wa, kí ó rọ! Ìwọ ẹ̀mí ìrẹ̀wẹ̀sì tí o fẹ́ kí a káwọ́ gbera, jáde nínú ilé wa, jáde lọ́kàn wa, jáde nínú iṣẹ́ wa, má sì padà wá mọ́! A kò ní gbìn fún ẹlòmíràn kó. A kò ní ṣe wàhálà lásán. Ohun tí ọ̀bẹ mú lọ lọ́wọ́ wa, a óò rí ìlọ́po rẹ̀, a óò rí i pẹ̀lú àlàáfíà, a óò rí i lójú ẹ̀mí wa!

Olúwa, iṣẹ́ tí a óò dáwọ́ lé lónìí, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún wa. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.