Ojú Ló Ń Yàwòrán Kí Ọwọ́ Tó Gbà Á

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ kọ́ àwòrán yíyà sọ ní Kábà nìyí. Mo tún un kọ sílẹ̀ fún àwọn tó wà ní Ìsánlú, Ìyàrá àti Lọ́kọ́jà tí wọn ò ráyè wá.

Ọ̀kún o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ yín kí ẹ tó jókòó: "Èmi ò ní ẹ̀bùn ẹ̀." Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Ta ni nínú yín tí kò lè buwọ́ lùwé? Ta ni kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́, tàbí tí kò lè bẹ iṣu láìṣe ara rẹ̀ léṣe? Ọwọ́ tó ń ṣe gbogbo ìyẹn ti ní gbogbo ohun tí pẹ́ńsùlù ń fẹ́. Ọwọ́ kọ́ ló ń dá yín dúró. Ojú ni. Ojú àgbà ti mọ nǹkan débi pé kì í wò wọ́n mọ́. Ó rí àga, ó ní àga ni, ó sì kọjá lọ. Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ ya àga náà, ohun tí ẹ mọ̀ nípa àga lẹ ó yà, kì í ṣe èyí tó wà níwájú yín.

Ọmọdé kì í bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ fún ọmọ ọdún márùn-ún ní èédú, yóò ya bàbá rẹ̀ sára ògiri, inú rẹ̀ á sì dùn. Nígbà tó bá tó bí ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ yí padà: ó wá fẹ́ kí ohun tó yà jọ ohun tó rí, kò sì jọ ọ́. Bí kò bá sí ẹni tó máa kọ́ ọ nígbà náà, tàbí tí olùkọ́ bá tún nà án nítorí pé ó ya nǹkan sẹ́yìn ìwé ìṣirò, yóò pa á tì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa dúró sí. Ìdí nìyẹn tí ẹni àádọ́ta ọdún, tó ti kọ́lé, tó ti tọ́mọ, fi ń ya ojú èèyàn bí ó ṣe ń yà á nígbà tó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ tí a fi sílẹ̀ lágbede méjì ni, a sì lè padà sí i.

Lọ́jọ́ náà, mo gbé ìkòkò amọ̀ kan ka orí tábìlì, mo ní kí kálukú yà á. Nígbà tí a kó ìwé jọ, ohun kan náà ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù: ẹnu ìkòkò rí róbótó bí ìgbà tí èèyàn dúró lé e lórí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì lọ gbọọrọ bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà fà á. Kí ló fà á? Ẹ mọ̀ pé ẹnu ìkòkò rí róbótó. Ẹ mọ̀ pé ó jókòó sórí tábìlì tó tẹ́jú. Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ojú yín rí láti orí àga.

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nílé. Ẹ dìde kí ẹ wo ìkòkò náà láti òkè: ẹnu rẹ̀ rí róbótó lóòótọ́. Ẹ jókòó: ó ti fúnjú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gùn, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ sún mọ́ra. Ẹ kúnlẹ̀ títí ojú yín yóò fi bá etí ìkòkò dọ́gba, ẹnu náà á di ilà kan ṣoṣo. Kí ẹnìkan wá gbé e sókè kọjá orí yín, ẹ ò ní rí inú rẹ̀ mọ́, etí rẹ̀ yóò sì tẹ̀ kọrọdọ sókè. Ibi tí ojú yín wà ló ń yí i padà. Ìsàlẹ̀ ìkòkò jìnnà sí ojú yín ju ẹnu rẹ̀ lọ, nítorí náà ilà ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ju ilà ẹnu lọ. Ẹni tó bá fà á gbọọrọ, ìkòkò rẹ̀ kò ní jókòó láéláé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ife, odó, garawa àti táyà mọ́tò. Bí ẹ bá mọ èyí nìkan lóṣù àkọ́kọ́, ẹ ti ṣe púpọ̀.

Ìyá kan tó ń hun aṣọ ní Ògìdì ló kọ́kọ́ rí i láàárín wa. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ti ń jókòó ti òfì látìgbà èwe, tó ń wo òwú lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ ti kọ́ sùúrù. (Ògìdì kan náà ni wọ́n bí Níkẹ Davies-Okundaye sí ní 1951, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ; ìdí ìyá tó bí ìyá rẹ̀ àgbà ló ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ, kì í ṣe yunifásítì.) Ìyá náà sọ fún wa pé, "Ìgbà tí mo gbàgbé pé ìkòkò ni, ìgbà yẹn ló rọrùn." Mo fẹ́ kí gbogbo yín gba ọ̀rọ̀ yẹn mú.

Ọ̀nà wà tí a fi ń ran ojú lọ́wọ́ láti gbàgbé. Ẹ wá àwòrán kan, ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ wá wò ó kọ bẹ́ẹ̀. Ojú ò ní rí imú tàbí ẹnu mọ́, ilà lásán ló máa rí, ìyàlẹ́nu ni yóò sì jẹ́ fún yín bí ó ṣe máa jọra nígbà tí ẹ bá yí i padà. Tàbí kí ẹ fi àga sílẹ̀, kí ẹ ya àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Àlàfo kò lórúkọ, nítorí náà ẹ ó wò ó dáadáa. Tàbí kí ẹ tẹjú mọ́ ọwọ́ òsì yín, kí pẹ́ńsùlù máa tẹ̀ lé etí ìka díẹ̀díẹ̀, láìbojú wo ìwé rárá. Ohun tó máa jáde lè burú. Ẹ má dà á nù. Ojú yín ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Orí èèyàn ni ọ̀pọ̀ fẹ́ kọ́ jù, ó sì ní àṣìṣe tirẹ̀. A máa ń gbé ẹyinjú sókè jù, sún mọ́ iwájú orí. Ẹ fi ìka wọn ara yín nínú dígí: láti àtàrí dé àgbọ̀n, àárín gan-an ni ẹyinjú wà. Nípa gíga, àgbàlagbà tó nàró tó nǹkan bí orí méje àbọ̀. Ẹnìkan ní kí ló dé tí orí ère àtijọ́ wa fi tóbi báyẹn, tó ń kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ère. Ìbéèrè tó dára ni. Agbẹ́gilére kò ṣì í wọ̀n. Orí ló gbé ga, nítorí ohun tí orí jẹ́ fún wa. Ẹ sì wo àwọn orí idẹ tí wọ́n wú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938: ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè, ìpéǹpéjú, gbogbo rẹ̀ wà ní ipò tí ó wà lára alààyè. Ọ̀nà méjèèjì jẹ́ tiwa. Bí ẹ bá fẹ́ sọ orí di ńlá, ẹ mọ̀ ọ́n wọ̀n ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọjọ́ ti lọ, ẹ gbọ́ èyí. Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, kò rí olùkọ́ kankan. Àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn òyìnbó ló ń wò kọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi yọ́. Iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ló fi ń jẹun l'Èkó, ó sì ti ń sún mọ́ ogójì ọdún nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ ní London ní 1920. Òun náà ló padà wá rọ ìjọba títí ẹ̀kọ́ yìí fi wọ iléèwé wa. Bill Traylor ńkọ́? Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Alabama, l'Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1853. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kó tó jókòó sẹ́bàá títì ní Montgomery, tó ń ya màlúù, ajá àti àwọn tó ń kọjá lọ sórí páálí tí wọ́n ti jù nù. Láàárín 1939 sí 1942, ó ya èyí tó lé ní 1,000.

Nípa ohun èlò, ẹ má náwó. Pẹ́ńsùlù méjì tó: èyí tí wọ́n kọ HB sí lára àti èyí tí wọ́n kọ 4B sí. H ni líle, B ni dúdú. Kò sí òjé nínú rẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n sọ fún yín. Graphite, òkúta dúdú kan tó rọ̀, ni wọ́n pò mọ́ amọ̀ tí wọ́n sun, bí Conté ọmọ Faransé ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1795. Bí amọ̀ bá pọ̀, ó le. Bí graphite bá pọ̀, ó rọ̀, ó sì dúdú. Èédú ìdáná náà dára gan-an fún tákàdá ńlá. Ní ti kílínà, ẹ fi í sínú àpò. Bí ilà kan bá ṣì, ẹ fa èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè rí bí ẹ ṣe ṣì í tó.

Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ jáde wo àwọn òkè tó yí Kábà ká. Èyí tó wà nítòsí dúdú, a rí igi àti àpáta rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e fẹ́ẹ́rẹ́. Ti òkèèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ojú ọ̀run. Ẹ tẹ pẹ́ńsùlù gan-an fún ti iwájú, kí ẹ máa rọra tẹ̀ ẹ́ bí ó ṣe ń jìnnà sí i. Ìwé yóò jinlẹ̀ láìsí ẹ̀kọ́ mìíràn.

Kí a tó tú ká, bàbá kan béèrè bóyá òun lè ya ìyá òun tó ti kú láti inú fọ́tò. Mo ní kó ya àwọn tó wà láàyè ná, nítorí ojú kámẹ́rà ti sọ èèyàn di pẹlẹbẹ, fóònù tó sún mọ́ ojú jù sì máa ń sọ imú di ńlá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá kò ṣeé sún síwájú títí. Nítorí náà: ẹ mú fọ́tò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì, kí wọ́n bá yín sọ ẹ̀dà rẹ̀ di ńlá. Orí ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ ti fi rúlà fa ilà, kì í ṣe orí fọ́tò gan-an, títí yóò fi di àpótí kéékèèké. Ẹ fa iye àpótí kan náà sórí ìwé òfìfo, fẹ́ẹ́rẹ́ni, kí ẹ wá máa yà á ní àpótí kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi gèlè, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú.