Àpò La Fi Ń Pín Èrè Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Àgbẹ̀

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin tèmi. Ká forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, ká yan alága, akọ̀wé àti akápò, ìyẹn ò le. Ọjọ́ ìpín èrè ni ìjà máa ń bẹ́.

Ẹ bá mi wò ó. Ẹnì kan ní ìpín ìdókòwò 10 nínú ẹgbẹ́, àpò àgbàdo 5 péré ló kó wá. Ẹnì kejì ní ìpín 1, àmọ́ àpò 40 ló kó wá. Èrè dé. Ta ni kó gba èyí tó pọ̀ jù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní olówó ni, ẹ ti ṣì í!

Níbo lèrè ọ̀hún ti wá? Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kó àgbàdo dé, ẹgbẹ́ san díẹ̀ fún yín. Ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó tà á lówó gidi. Ẹ yọ owó ọkọ̀, ẹ yọ owó ìpamọ́. Èyí tó ṣẹ́kù, àpò ló bí i. Onípìn-ín 10 á gba èlé kékeré lórí owó ẹ̀, ó tán. ÀPÒ LA FI Ń PÍN ÈRÈ! Ṣé ẹ gbọ́? ÀPÒ! Ìbò ńkọ́? Ẹnì kan, ìbò kan.

Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀ o. Ní 1844, ní Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn 28, táwọn ahunṣọ wà nínú wọn, ṣí ìsọ̀ kan. Bí oníkálukú bá ṣe rajà tó ni wọ́n ṣe ń pín èrè fún un.

Ṣé ẹ rántí ọmọ tó ni bọ́ọ̀lù nígbà tá a wà ní kékeré? Tí wọn ò bá ti fún un láyè gbá a sílé, ó di bọ́ọ̀lù mọ́ abíyá, ó relé. Mo ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ kan rí tó kún fún irú ọmọ yẹn, ìyẹn àwọn tó ní ìpín púpọ̀. Ìpín la fi pín èrè. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, àwọn tó ń kó ọjà wá gan-an ti ń tà á fún alágbàtà lẹ́bàá oko.

Ó kù kan: àpò tó tutù máa ń wúwo, omi á sì gba èrè ẹlòmíì. Ẹ da àgbàdo díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ sí i, ẹ mì ín dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ, ẹ dá a padà sóòrùn. Èyí tó bá gbẹ, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n lójú ẹni tó ni ín. Kó rí nọ́ńbà náà fúnra ẹ̀, kó sì gba rìsíìtì kó tó kúrò níbẹ̀.