Ẹ́ńjìnnì oníbátìrì kò gbé ọkọ̀ mọ́? Ẹ má tíì tú u!

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apẹja wa, láti Ìwópìn dé Mákùn-Omi, àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí ọ̀sà. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì oníbátìrì la fẹ́ sọ lónìí, trolling motor tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí ẹja má baà sá. Ẹ yí i, ó dákẹ́. Tàbí ó ń kùn, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan.

Mo mọ ohun tọ́wọ́ yín ń wá: súkúdíráfà. Ẹ gbé e sílẹ̀! Ikùn ẹ́ńjìnnì la máa ń wò KẸ́YÌN. Lọ́pọ̀ ìgbà, bátìrì tàbí wáyà ló lẹ̀bi. Tẹ́ ẹ bá sì lọ tú síìlì, rọ́bà tó ń dí omi, tí kò ṣe yín ní nǹkan kan, omi á gba ibẹ̀ wọlé, ẹ ti fọwọ́ ara yín ra wàhálà tuntun nìyẹn.

Mítà tẹ́ ẹ fi ń wọn iná dà? Ẹ yí i sí DC 20, ìyẹn ò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ́ńjìnnì oní-volt 12 la ń bá lọ. Bátìrì tó ti kúrò lórí ṣájà láti àná, tí kò ṣiṣẹ́ kankan, tó bá ka 12.7, ó kún. 12.2, ó ti jẹ ìdajì. Láti 11.9 wálẹ̀, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́, ẹ gbé e padà sórí ṣájà. Bátìrì lithium kì í tẹ̀ lé òǹkà yìí o: ó lè dúró sí nǹkan bí 13.2 pẹ́pẹ́pẹ́, kó wá pa ara rẹ̀ lójijì.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà rèé. Wọ́n á wọn bátìrì, á ka 12.6, wọ́n á ní, "Bátìrì dáa, ẹ́ńjìnnì ló jóná." Rárá o! Bátìrì tó ń sùn lẹ wọ̀n yẹn. Ẹ wo àwọn alábàárù tó jókòó ní ọjà Òkè-Ajé, n'Ìjẹ̀bú-Òde. Lórí ìjókòó, gbogbo wọn ló rí bí akíkanjú. Ẹ gbé àpò gaàrí kan lé wọn lórí, kí wọ́n fi gun òkè, ìgbà yẹn lẹ máa mọ ẹni tí eékún rẹ̀ ń gbọ̀n. Bátìrì náà nìyẹn. Ẹ GBÉ ẸRÙ LÉ E KẸ́ Ẹ TÓ WỌ̀N ỌN. Mo tún un sọ: ẹ gbé ẹrù lé e!

Báwo la ṣe ń gbé ẹrù lé e? Ẹ so ọkọ̀ mọ́ òpó èbúté kó le dáadáa. Pòpélà, abẹ tó ń yí tó ń ti omi, gbọ́dọ̀ wà nínú omi. Tó bá ń yí lókè, kò rí nǹkan tì, iná tó máa fà ò ní tó nǹkan, síìlì á sì máa gbóná torí omi ló ń tù ú lára. Kí ẹnì kan yí súwíìsì sí nọ́ńbà 5, ibi tó ti ń sáré jù, kí ẹnì kejì fi ẹnu mítà kan orí bátìrì gan-an, òjé yẹn fúnra rẹ̀, kì í ṣe kílíìpù tó há a mú. Ẹ ka ìṣẹ́jú kan. Bátìrì tó kún, tí ara rẹ̀ sì le dáadáa, á máa wà ní nǹkan bí 12 tàbí 11.8. Tó bá já sí ìsàlẹ̀ 11 kí ìṣẹ́jú yẹn tó pé, bátìrì ti kú, ì báà ka 12.7 lórí ìjókòó. Tó bá sì jẹ́ bátìrì mọ́tò lẹ gbé síbẹ̀, kò yà mí lẹ́nu. Ìyẹn, iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, láti fi ta ẹ́ńjìnnì jí. Bátìrì deep cycle, èyí tí wọ́n ṣe láti máa gbé iná jáde fún ìgbà pípẹ́, lẹ ń wá.

Bátìrì yege? Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ẹnu mítà kan sílẹ̀ lórí òjé pọ́sítíìfù, ẹ gbé ìkejì lọ sí ibi tí wáyà pupa ti wọ orí ẹ́ńjìnnì. Òǹkà kékeré lẹ ń wá níbí: 0.2 tàbí kó dín. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wáyà dúdú náà. Tẹ́ ẹ bá rí volt 1 tó sọnù lójú ọ̀nà, tí ẹ́ńjìnnì ń fa amp 40, watt 40 ló ń di ooru nínú wáyà yín, dípò kó máa ti ọkọ̀. Ẹ pa á, ẹ fọwọ́ tọ́ wáyà náà láti ìdí dé orí. Ibi tó gbóná, ibẹ̀ ni olè wà.

Kílíìpù ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ẹ ṣí i, ẹ wò ó dáadáa: ìyẹ̀fun funfun tó ti ń di àwọ̀ ewé, eyín méjì péré ló kan òjé, ìyókù ń ṣeré. Ẹ ká rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ẹ ó rí kọ́pà tó ti dúdú bí èédú. Ẹ gé wáyà yẹn padà títí kọ́pà tó mọ́ á fi yọ. Ẹ ju kílíìpù nù, ẹ fi lọ́ọ̀gì, irin olójú ihò tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ẹnu wáyà, sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó le, kẹ́ ẹ wá fi nọ́ọ̀tù tí wọ́n ń fi sípánà dè dì í. Nọ́ọ̀tù onílàbálábá tí wọ́n ń fọwọ́ yí yẹn, ìgbì omi ni yóò tú u fún yín.

Wáyà ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì 55 pound (agbára tó fi ń ti ọkọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìwúwo rẹ̀) lè fa amp 50 tó bá wà ní nọ́ńbà 5. Tí bátìrì àti ẹ́ńjìnnì kò bá jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ, 10mm tó. Tó bá dé ẹsẹ̀ bàtà 10, ẹ ra 16mm. Tó bá jẹ́ pé ìdí ọkọ̀ ni bátìrì wà, tí ẹ́ńjìnnì wà níwájú, 25mm. Wáyà 2.5 tí wọ́n fi ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, Ọlọ́run máà jẹ́! Bìrékà amp 60 kó wà nítòsí bátìrì. Tó bá ń já, ẹ má fi èyí tó tóbi jù rọ́pò rẹ̀, ẹ wá ohun tó ń já a.

Nígbà mìíràn, pòpélà ni. Ojúoró ti wé e, tàbí fọ́nrán àwọ̀n. ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KAN PÒPÉLÀ TÍ WÁYÀ ṢÌ WÀ LÓRÍ BÁTÌRÌ! Ẹ yọ wáyà, ẹ tú nọ́ọ̀tù, ẹ fa pòpélà yọ pátápátá. Okùn ìwọ̀ tó tín-ínrín máa ń wé mọ́ ọ̀pá lẹ́yìn pòpélà, níbi tójú ò tó, ó sì máa ń gé síìlì díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo pín-ìnnì tó gba inú ọ̀pá kọjá. Tó bá ti kán, ẹ́ńjìnnì á máa kùn, pòpélà ò ní yí. Ẹ má fi ìṣó rọ́pò rẹ̀: ìṣó tó rọ̀ á tẹ̀ há sínú ihò, irin tó le jù á sì jẹ́ kí ọ̀pá tẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá forí sọ kùkùté.

Ó kù díẹ̀. Nọ́ńbà 5 nìkan ló ń ṣiṣẹ́, 1 dé 4 ti kú? Kọ́ìlì tó ń dín iná kù ló jóná, nítorí nọ́ńbà 5 kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ́ńjìnnì kò kú. Ẹ lè fi 5 yẹn délé.

Kò ṣiṣẹ́ rárá, bẹ́ẹ̀ iná dé orí rẹ̀? Ẹ yọ wáyà méjèèjì KÚRÒ LÓRÍ BÁTÌRÌ, ẹ yí súwíìsì sí 5, ẹ fọwọ́ yí pòpélà. Ó yẹ kó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kó máa kọsẹ̀ díẹ̀ nítorí mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá fi ẹnu wáyà pupa kan ti dúdú, ẹ tún yí i: ó gbọ́dọ̀ le sí i. Bó bá ṣì rọ̀ bíi tàkọ́kọ́, nǹkan já nínú: kábọ́ọ̀nù, èyí tó ń fara ha ibi tó ń yí kó lè gbé iná fún un, ti jẹ tán, tàbí súwíìsì ti jóná. Bó bá ti le kí wáyà méjèèjì tó kanra, wáyà inú ámíchọ̀, irin oníkọ́ìlì tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ti lẹ̀ mọ́ra, tàbí mágínẹ́ẹ̀tì ti ṣí kúrò láyè rẹ̀. Àwọn onísúwíìsì alájẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí kò ní nọ́ńbà, ò gba àyẹ̀wò yìí. Bọ́ọ̀dù, pátákó tó ń darí iná, ló wà nínú tiwọn.

Ẹ̀tàn kékeré kan rèé: ẹ fi igi rọra gbá ikùn rẹ̀ nígbà tí súwíìsì wà ní 5. Bó bá ta jí, kábọ́ọ̀nù ni.

Ẹ lè wá mú súkúdíráfà yín báyìí. Ẹ fi bírò fa ìlà kọjá lára ojú ìsopọ̀ kẹ́ ẹ tó tú u. Ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ sílẹ̀, torí mágínẹ́ẹ̀tì á kó gbogbo ìyanrìn irin mọ́ra. Tí omi pupa bí ìpẹtà bá jáde, ẹ pààrọ̀ síìlì, gbogbo wọn, kì í ṣe èyí tó gbó nìkan. Tí ámíchọ̀ ló bàjẹ́, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń wé kọ́ìlì, kẹ́ ẹ sì sọ òǹkà tí mítà yín kà lábẹ́ ẹrù fún un, kó má baà ta bátìrì tuntun fún yín.