Kùrukùru Létíkun, Oòrùn Lẹ́yìn Òkè: Ojú Ọjọ́ California Níbẹ̀rẹ̀ Ìgbà Ooru

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa lórí fóònù. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ojú ọjọ́ ṣe máa ń rí láti oṣù karùn-ún títí dé ìparí oṣù kẹfà ní etíkun California àti ní àwọn àfonífojì ẹ̀yìn òkè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé San Francisco ń bèèrè ìgbà tí òtútù máa dẹwọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Sacramento àti Fresno ń bèèrè bí ooru ṣe máa le tó. Ibì kan náà ni ìdáhùn méjèèjì wà: bí afẹ́fẹ́ tútù tó ń wọlé láti ojú òkun bá ṣe nípọn tó lọ́jọ́ náà ni ọjọ́ yín ṣe máa rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú omi. Ìṣàn omi òkun tó ń gba ẹ̀gbẹ́ California kọjá, àríwá ló ti ń bọ̀, òtútù ló sì ń gbé bọ̀. Lásìkò yìí, afẹ́fẹ́ láti àríwá ìwọ̀-oòrùn a máa fẹ́ lẹ́bàá etíkun lójoojúmọ́. Afẹ́fẹ́ yìí, pẹ̀lú bí ayé ṣe ń yí, a máa ti omi ojú òkun kúrò létí ilẹ̀, omi ìsàlẹ̀ tó tutù nini á wá gòkè rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi etí San Francisco fi lè wà ní nǹkan bíi dígírì 11 sí 13 lásìkò tí ọ̀sán gùn jù lọ lọ́dún. Ẹni tó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ rí mọ̀ pé wọnú eegun ni òtútù náà ń lọ. Ìwọ̀n Celsius ni mò ń lò o, àfi ibi tí mo bá ti dárúkọ òmíràn.

Lórí omi tútù yìí ni afẹ́fẹ́ tútù, ọlọ́rinrin, ń gbé. Lókè rẹ̀ lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ mìíràn ń sọ̀ kalẹ̀ láti òfuurufú Pàsífíìkì. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń fún pọ̀, bó ṣe ń fún pọ̀ ló ń gbóná, tó sì ń gbẹ. Nígbà tó bá dé orí afẹ́fẹ́ tútù ìsàlẹ̀, á kàn dé e mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Ọ̀rinrin kò ríbi gbà jáde mọ́, ó wá di kùrukùru àti àwọsánmà eléérú tí ẹ ń rí láàárọ̀. Ní Los Angeles àti San Diego, àwọn èèyàn ti fún un lórúkọ: May Gray fún oṣù karùn-ún, June Gloom fún oṣù kẹfà.

Gíga ibi tí ọmọrí yẹn wà ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Bí kò bá ju mítà 200 tàbí 300 lọ, àwọn òkè etíkun á dá afẹ́fẹ́ tútù náà dúró. Etíkun nìkan ló máa tutù, oòrùn á sì máa jó àwọn tó wà lẹ́yìn òkè. Bó bá ga kọjá mítà 600, á gorí ọ̀pọ̀ òkè wọ̀nyẹn kọjá lóru, á wọ Napa, á wọ Livermore. Àwọn ará ibẹ̀ á jí sábẹ́ àwọsánmà, ooru ọ̀sán wọn á sì rọjú.

Ojú lásán lè wọ̀n ọ́n. Ẹ wo afárá Golden Gate láàárọ̀. Abẹ́ títì orí rẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 67 ga ju omi lọ, ṣóńṣó òpó rẹ̀ jẹ́ mítà 227. Bí kùrukùru bá bo títì náà mọ́lẹ̀, àmọ́ tí orí òpó pupa méjèèjì ṣì yọ síta sínú oòrùn, a jẹ́ pé kò nípọn rárá. Ẹni tó bá ń lọ Walnut Creek, ìlú ẹ̀yìn òkè, lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kó gbé omi dání. Bí òpó méjèèjì bá ti pòórá, tí Sutro Tower, òpó tẹlifíṣọ̀n orí òkè San Francisco tí ṣóńṣó rẹ̀ fi ohun tó ju mítà 550 ga ju òkun lọ, náà sì ti wọnú kùrukùru, afẹ́fẹ́ òkun ti nípọn nìyẹn, inú àfonífojì á sì mọ̀ ọ́n lára. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ ń fi bálúùnù tí wọ́n ń jù sókè láti Oakland wo ohun kan náà, ní aago márùn-ún ìdájí àti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Ìpíndọ́gba ooru ọ̀sán lóṣù kẹfà: San Francisco, nǹkan bíi 19, Sacramento, nǹkan bíi 31, Fresno, 33 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ju wákàtí méjì lọ tí mọ́tò fi ń ti San Francisco dé Sacramento bí ọ̀nà bá já gaara. Ẹni tó bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti Sacramento wá sí etíkun máa gbọ̀n, ẹni tó bá fi ọmọ sínú mọ́tò láti etíkun lọ sí àfonífojì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ooru ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ilé.

Àfonífojì fúnra rẹ̀ ló ń pe kùrukùru wọ etíkun. Bí ilẹ̀ inú lọ́hùn-ún bá gbóná, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á fúyẹ́, á gòkè, afẹ́fẹ́ òkun á sì sáré wá dí àyè rẹ̀. Láàárín òkè etíkun, ọ̀nà omi tóóró Carquinez ni àlàfo gidi tó wà níwọ̀n ojú òkun, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Èyí ni Delta Breeze tí àwọn ará Sacramento ń retí nírọ̀lẹ́: ọ̀sán lè jẹ́ 36, kí òru wá bọ́ sísàlẹ̀ 18. Kì í sábà lágbára tó bá fi dé Fresno àti Bakersfield, torí náà òru ibẹ̀ kì í fún ara nísinmi bẹ́ẹ̀. Àfonífojì Salinas ní tirẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu sí Monterey Bay, ìtutù tó ń wọlé lójoojúmọ́ sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ewébẹ̀ lẹ́túùsì ṣe dáadáa níbẹ̀.

Ní ti àsọtẹ́lẹ̀ oṣù kan tàbí mẹ́ta tí Climate Prediction Center, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, ń gbé jáde, mo bẹ̀ yín, ẹ má kà á ju bó ṣe wà lọ. Ìpíndọ́gba ọdún 1991 sí 2020 ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: kó gbóná ju ti tẹ́lẹ̀, kó wà bákan náà, kó tutù jù ú. Bí ẹ bá rí 40 nínú 100 fún gbígbóná, 60 ṣì wà fún méjì yòókù. El Niño àti La Niña, ìyẹn ìgbóná àti ìtutù omi àárín òkun Pàsífíìkì, tí gbogbo èèyàn ń pariwo, ìgbà òtútù ni agbára wọn ń hàn ní California jù. Lásìkò yìí, ohùn wọn kò le. Àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni kẹ́ ẹ gbára lé.

Ẹ̀rù tó ń bà mí jù ni ooru àkọ́kọ́. Dígírì 38 lóṣù karùn-ún léwu ju 38 lóṣù kẹjọ lọ, torí ara kò tíì mọ́ ọn. Nígbà mìíràn afẹ́fẹ́ òkun á dákẹ́, ti ilẹ̀ á fẹ́ lọ sí òkun, etíkun náà á sì gbóná lójijì: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2000, San Francisco dé 103 Fahrenheit, ìyẹn ju 39 lọ. Ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ ni kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ máa pe àwọn ìyá àti bàbá wa tó ń dágbé nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lóko tàbí níbi ilé kíkọ́, òfin California ní kí ibòji wà bó bá ti di 80 Fahrenheit, kí omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan, kí wọ́n sì máa ṣọ́ òṣìṣẹ́ tuntun fún ọjọ́ 14. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ bèèrè rẹ̀.

Odò ńkọ́? Yìnyín orí òkè Sierra Nevada ló ń yọ́ wọ inú American River, Kings àti Kern lásìkò yìí gan-an. Ooru á lé èèyàn lọ síbi omi, omi náà á sì jẹ́ yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́. Ara á wárìrì, ẹ̀mí á gé, ẹni tó mọ̀wẹ̀ dáadáa á sì kú sínú rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà Kern River, pátákó kan wà tí wọ́n kọ iye ẹni tó ti bá odò náà lọ láti ọdún 1968 sí, wọ́n sì ń tún nọ́ńbà náà kọ. Ẹ wọ ẹ̀wù tó ń léfòó, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ etí rẹ̀.

Ẹnì kan bèèrè pé ìgbà wo ni kùrukùru máa lọ. Ní Los Angeles, ó sábà máa ń fẹ́lẹ́ bí oṣù keje bá ti wọlé. Ní San Francisco, ẹ ṣe sùúrù: oṣù kẹjọ ṣì lè jẹ́ ti kùrukùru, oṣù kẹsàn-án ni ọ̀sán ibẹ̀ sábà máa ń gbóná jù, nígbà tí afẹ́fẹ́ àríwá ti dẹwọ́, tí omi òkun sì ti móoru díẹ̀.