Ìbéèrè Ni Iṣẹ́ Wa: Ọ̀rọ̀ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Fẹ́ Máa Tọ́ Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Sọ́nà Iṣẹ́

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ fi ọ̀sán Sátidé sílẹ̀ láti àdúgbò Under G àti Adéníkẹ̀ẹ́ wá síbí, mo dúpẹ́ púpọ̀. Ọdún méjì ni mo fi ń jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kí n tó jáde ní LAUTECH, yunifásítì tó wà nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìbéèrè ni iṣẹ́ wa, kì í ṣe ìmọ̀ràn.

Àṣìṣe ni mo fi kọ́ ọ. Ẹ mọ̀ pé láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ti gbé ètò ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní SIWES kalẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ ara rẹ̀ kan iṣẹ́ tó ń kà nínú ìwé. Oṣù mẹ́fà ni àwa tá a kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ fi ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi kan ń wá ibi tí yóò lọ, kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo fi ní, "Ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa lọ nìyẹn, wọ́n ń sanwó, lọ síbẹ̀." Ó lọ. Oúnjẹ àwọn ọ̀gá ló ń rà títí oṣù mẹ́fà fi pé. Nígbà tó ṣí logbook rẹ̀, ìwé tó yẹ kó máa kọ iṣẹ́ tó ń ṣe sí, hàn mí, gbogbo ojú ìwé tó yẹ kó ya ẹ̀rọ sí ló ṣófo. Ẹ̀rọ amúlétutù ló wù ú látilẹ̀ wá. N kò bi í. Ó ń dùn mí dòní.

Látìgbà náà, bí ẹnì kan bá wá, màá ní, "Iṣẹ́ wo lo ṣe rí tí wọ́n tún fi padà wá bẹ̀ ọ́ pé kó o bá àwọn ṣe é?" Màá wá dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló nira jù, torí ẹnu á máa yún wa láti sọ̀rọ̀.

Àbúrò kan mú CV rẹ̀ wá: orúkọ, ilé ẹ̀kọ́, àti pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ní, "Bọ̀dá, n ò ṣiṣẹ́ kankan rí. Mo kàn máa ń ran màmá mi lọ́wọ́ nídìí láfún ni." Mo bi í pé ta ló ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè. "Èmi ni." Ó yọ fóònù, ó fi fọ́tò ìwé náà hàn mí. Ó ti fi rúlà pín in: orúkọ oníbàárà, iye kóńgò, owó tó san, èyí tó kù. Ní etí ìwé, bíírò pupa ló fi kọ ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ kí láfún gbẹ. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe é! Mo ní kó kọ ọ́ sínú CV. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, n kò gba bíírò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó ní, "Ṣé èyí náà ń jẹ́ iṣẹ́ ni?"

Ìbéèrè kan wà tó jẹ́ pé ìdáhùn gan-an lèèyàn ń fẹ́. Bí ẹnì kan bá bi yín bóyá òun á sìnrú ìlú, ẹ sọ fún un pé ẹni tó bá ti lé ní 30 ọdún nígbà tó jáde, ìwé ìyọ̀ǹda ni NYSC ń fún un. Ẹni tí wọ́n bá ní kó kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó fún un níṣẹ́, ẹ sọ fún un pé gbájúẹ̀ ni. Bí ẹnì kan bá sì ní ayé ti sú òun, ẹ má dá a gbé. Ẹ bá a rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn. Ohun yòówù tí wọ́n bá sọ fún yín, kò gbọ́dọ̀ dé yàrá kejì.

Ó yá, ẹ kọjú sí ẹni tó jókòó tì yín. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn.