Bí a ṣe ń ka àlọ́ fún ọmọ kí ó lè ronú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Ìwé àlọ́ ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ìtàn Ìjàpá àti àsèjẹ Yánníbo la ó fi ṣe é.

Kí ẹ tó pe ọmọ, ẹ kọ́kọ́ dá ìtàn náà kà. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi méjì tí ẹ ó ti dúró. Méjì ti tó. Ẹni tó bá ń dúró ní gbogbo ojú ewé á ba àlọ́ jẹ́, ọmọ á sì sá lọ bá tẹlifíṣọ̀n.

Ó yá, ẹ jókòó síbi tí ọmọ ti lè rí àwòrán. "Ààlọ́ o!" Ẹ jẹ́ kó dáhùn. (Àwọn àgbà kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kíláàsì tèmi ò lè dúró de òṣùpá.) Ẹ máa kà á lọ: Yánníbo ń wá ọmọ, babaláwo se àsèjẹ, ó kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ìjàpá gbé ìkòkò, òórùn ọbẹ̀ ń ta sánsán sí i nímú... Ẹ pa ìwé dé. "Kí lo rò pé Ìjàpá máa ṣe?"

Ẹ wá panu mọ́. Ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá nínú yín. Ibí yìí ló nira jù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ọmọ bá ti dákẹ́ báyìí, màá ti fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Bó bá ní, "Ó máa jẹ ẹ́," ẹ má tíì yìn ín. Ẹ ní, "Kí lo rí tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?"

Ibi kejì ni mo fẹ́ràn jù. Ikùn Ìjàpá ti wú, ó sáré padà lọ bẹ babaláwo: gbòǹgbò ló gbé òun ṣubú, ọwọ́ òun kan ọbẹ̀, òun sì fi kan ẹnu. Ẹ bi àwọn ọmọ: "Ṣé òótọ́ ló ń sọ? Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Kí wọ́n ṣí ìwé padà, kí wọ́n fìka tọ́ka sí ẹ̀rí. Ní kíláàsì mi, ọmọ kan ní, "Tó bá jẹ́ ọwọ́ lásán ló fi kan ẹnu, kí ló dé tí ìkòkò fi ṣófo?" Òmíràn ní bóyá ọbẹ̀ dà nù nígbà tó ṣubú. Mi ò dá sí i. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí agogo fi lù.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ ní kí ọmọ pa àlọ́ náà fún ìyá àgbà. Ibi tó bá ti yí i padà, ẹ má bá a tún un ṣe. Ẹ kàn bi í ìdí tó fi yí i.