Kì í ṣe Àìníṣẹ́ Rẹ ni Onílé Ontario Ń Bẹ̀rù, Oṣù Kẹtàlá ni

Orí Zoom ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ìdílé tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí Kánádà. Mo tún un tò díẹ̀ fún kíkà.

Ẹ káalẹ́ o, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ilé, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín. Iṣẹ́ á dé. Ṣùgbọ́n iléèwé tó máa gba ọmọ yín á béèrè àdírẹ́sì, báńkì náà á béèrè.

Inú oṣù Kejì la dé, tìyàwó tọmọ méjì. Yàrá tí a ti san owó ọjọ́ mẹ́rìnlá fún láti Ìbàdàn la sọ̀kalẹ̀ sí. Ní ọjọ́ kẹta, a lọ wo bésímẹ́ǹtì kan, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé, ní Brampton nítòsí Toronto. Ó mọ́ tónítóní, ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Onílé bi mí pé níbo ni mò ń ṣiṣẹ́. Mo ní, "Mi ò tíì ríṣẹ́, ṣùgbọ́n mo lè san owó ọdún kan gbáko lónìí." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbé àyà síwájú, bí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbalé. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun á pè mí. Mo ṣì ń retí ìpè náà.

Ohun tí kò yé mi lọ́jọ́ náà nìyí. Nílé wa, owó ló ń pa onílé lẹ́nu mọ́. Òfin tí ìjọba Èkó ṣe lọ́dún 2011 ní kí onílé má gba ju owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ẹ̀yin náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa òfin yẹn mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti san owó ilé, owó ájẹ́ǹtì, àgírímẹ́ǹtì àti kọ́ṣọ̀n, ó parí. Ní Ontario, ìpínlẹ̀ tí Brampton àti Toronto wà ní Kánádà, oṣooṣù ni wọ́n ń san owó ilé. Residential Tenancies Act, òfin wọn ti ọdún 2006, kò gba onílé láyè láti béèrè ju owó oṣù àkọ́kọ́ àti ti oṣù ìkẹyìn lọ. Kọ́ṣọ̀n kò bófin mu níbẹ̀ rárá. Onílé lè gba owó kọ́kọ́rọ́, kò sì gbọdọ̀ ju iye tí wọ́n máa fi ṣe òmíràn lọ, á sì dá a padà fún yín.

Ẹ wá fetí sílẹ̀ dáadáa. Tí ọdún kan tó wà nínú àgírímẹ́ǹtì bá pé, òfin kò ní kí ayálégbé kó jáde. Ńṣe ló máa di oṣù dé oṣù fúnra rẹ̀. Tí kò bá san mọ́, onílé ò lè ju ẹrù rẹ̀ síta. Ó di iwájú Landlord and Tenant Board, ìgbìmọ̀ tó ń dá ẹjọ́ onílé àti ayálégbé, ẹjọ́ ibẹ̀ sì máa ń falẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo ń ka owó oṣù méjìlá fún ọkùnrin Brampton yẹn, oṣù kẹtàlá ló ń rò. Owó tí mo kó jọ kò sọ nǹkan kan fún un nípa oṣù kẹtàlá.

Àwọn kan máa ń san owó oṣù mẹ́fà sílẹ̀, onílé wọn sì máa ń gbà á. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ ó fi máa jẹun nígbà tí ẹ bá ń wáṣẹ́ nìyẹn. Ká ní ọkùnrin yẹn gba tèmi, ohun tó máa kù fún wa kò tó oúnjẹ oṣù méjì.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyàwó mi jókòó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ. Ìwé ìgbélùú, sítétímẹ́ǹtì báńkì, lẹ́tà iṣẹ́ tí àwa méjèèjì fi sílẹ̀, sábúkéètì. Ó kọ lẹ́tà ojú ewé kan tó sọ ẹni tí a jẹ́, iṣẹ́ tí a ń wá àti oṣù mélòó tí owó wa lè gbé wa dé. Ó tún ní kí n pe Bàbá onílé wa ní Bódìjà pé kí wọ́n kọ lẹ́tà fún wa. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ ka lẹ́tà Bódìjà ní Toronto?

Lẹ́tà yẹn ló gba ilé fún wa. Ìyá àgbàlagbà kan ní Scarborough, ní Toronto níbẹ̀, tí òun náà wá láti ìlú òkèèrè nígbà èwe rẹ̀, kà á tán, ó ní òun fẹ́ bá ẹni tó kọ ọ́ sọ̀rọ̀. A pè é lórí WhatsApp. Bàbá sọ pé ọdún márùn-ún la fi gbé ilé àwọn, àwọn ò fìgbà kan wá wa kiri gba owó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún ìyá náà, pé ilé rẹ̀ ò ní jóná. Mi ò túmọ̀ ìyẹn fún un.

Àwọn onílé á bi yín ní kirẹ́díìtì, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe ń san gbèsè. Equifax àti TransUnion, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ yẹn, kò mọ̀ yín rí, ohun tí ẹ san ní Nàìjíríà kò sì sí lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ìlànà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Ontario ni pé àìsí ìtàn kirẹ́díìtì tàbí ìtàn ilé yíyá kì í ṣe ìtàn burúkú. Lóòótọ́, onílé tí ogún èèyàn ń wá ilé rẹ̀ kò ní sọ ìdí tó fi fi tiyín sílẹ̀.

Ní ti onídùúró, ẹ rọra. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i fún yín ti gbé gbèsè yín lérí. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá kọ̀, ẹ má bínú sí i.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí bésímẹ́ǹtì, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń yí ẹ̀rọ amúlégbóná. Òkè lọ́dọ̀ onílé ló sábà máa ń wà, kò sì ní mọ̀ pé ẹ̀ ń gbọ̀n nísàlẹ̀. Òfin ní kí ilé gbóná tó ìwọ̀n 20 lórí Celsius, ó kéré tán, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà. Ẹ wo fèrèsé bóyá èèyàn lè gbabẹ̀ jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ẹ tún bi wọ́n léèrè ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ilé náà. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí títí di ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2018 kò sí lábẹ́ òdiwọ̀n tí ìjọba ń fi sí àfikún owó ilé lọ́dọọdún, tó jẹ́ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2023, 2024 àti 2025.

Ti gbájúẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀: onílé tó ní òun rìnrìn àjò, pé kí ẹ fowó ránṣẹ́ kí òun fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́, kò nílé.

Ìyá kan béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, tí onílé bá ní òun ò fẹ́ ọmọdé ńkọ́?" Òfin ò fún un láyè, ọdún kan gbáko lẹ sì ní láti gbé e lọ sí Human Rights Tribunal of Ontario, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wọn. Ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́. Ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi náà ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ọjọ́ márùn-ún ló kù fún wa nínú yàrá yẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì wọ bọ́ọ̀sì lọ wo ilé mìíràn.